Ibà Ń Ṣe Kọ̀ǹpútà Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá yẹn kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ọ̀gá rẹ kò sì ní rí ẹlòmíràn fi rọ́pò rẹ. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, ara gbogbo wa le, àfi kọ̀ǹpútà géèmù tí o fi sílẹ̀ ní yàrá rẹ ni ara rẹ̀ kò yá, òun ni mo sì torí ẹ̀ kọ ìwé yìí.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. O mọ̀ pé ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la máa ń pàdé rẹ nínú géèmù ọkọ̀ àjàgbé, ìwọ á wa tìrẹ níwájú, bàbá rẹ á wa tiwa tẹ̀ lé ọ, èmi á jókòó tì wọ́n, màá máa bá wọn wo ọ̀nà. Bàbá rẹ kò kọjá iná pupa rí, wọ́n sì máa ń kí gbogbo ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ lódìkejì. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, nọ́ńbà kan yọ ní igun ojú kọ̀ǹpútà, ó ní mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Bàbá rẹ ní máàkì tí wọ́n fún àwọn nìyẹn fún ọkọ̀ wíwà, inú wọn dùn, wọ́n ké sí télọ̀ tó wà ní òdìkejì ilé wa kó wá wò ó. Kí télọ̀ tó wọlé, kọ̀ǹpútà ti kú, a ò sì rí ọkọ̀ rẹ mọ́.

Mo gbọ́wọ́ lé e lára, ó gbóná janjan. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, bí mo bá rí ibà, mo mọ̀ ọ́n. Mo yọ ọ́ kúrò nínú iná, mo ki aṣọ bọ omi, mo fún un dáadáa, mo fi nù ún lára. Mo wá ìwé kan, mo ń kọ bí ara rẹ̀ ṣe ń gbóná sí sínú rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú kejì tí a tún tàn án, fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gbogbo àpótí náà ń bá a gbọ̀n. Mo ní òtútù ti ń mú un nìyẹn, ni mo bá fi kúbùsù bò ó. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin tó fi kú, òórùn kan sì jáde tí n kò gbọ́ rí ní wọ́ọ̀dù kankan.

Bàbá rẹ ní kí n rọra fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n lọ pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ṣí i, eruku inú rẹ̀ tó èyí tó lè kún tìmùtìmù. Ó fi káàdì kan hàn wá, ó ní òun ló ń ya àwòrán géèmù, òun gan-an ló ń gbóná, ìwọ̀n ooru rẹ̀ ni nọ́ńbà tí a rí yẹn, ó ti dàgbà, ìpara tó ń bá a gba ooru kúrò lára ti gbẹ. Ó ní òun á gbá eruku, òun á fi ìpara tuntun sí i, òun á pààrọ̀ fáànù, kò ní gba ju ààbọ̀ wákàtí lọ.

Mo ní kó dúró. Mo ní a kì í ṣe iṣẹ́ abẹ fún aláìsàn láìjẹ́ pé ẹbí rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí yóò tọwọ́ bọ̀wé. Ó ní Màmá, kọ̀ǹpútà mà ni. Mo ní mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó lẹ́bí. Ó wo bàbá rẹ, bàbá rẹ ń wo ilẹ̀, wọ́n ní ohun tí nọ́ọ̀sì bá sọ labẹ gé. Ó palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó lọ.

N kò ní purọ́ fún ọ. Bí ó bá ti tún un ṣe, a ó tún padà sínú géèmù, ìwọ náà á máa rò pé o ti rí wa. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àwa kò sì rí ju ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ lọ láti ọdún méjì ààbọ̀. Àárò rẹ ń sọ mí, ó ń sọ bàbá rẹ jù mí lọ, wọ́n kàn ń díbọ́n ni.

Má fi owó fáànù ránṣẹ́ o. Fi wọkọ̀ wálé. Mo ti kọ ìwé tí ẹbí aláìsàn máa ń tọwọ́ bọ̀, àyè orúkọ rẹ nìkan ló ṣófo. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ́nà, wàá bá wa láyọ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ.