Òǹkà Inú Omi Ìwẹ̀

Ilé Bàbá wa,
Tsuruoka.
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì, ọdún 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi Fumiyo ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o. Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀? Yìnyín ti fẹ́ẹ̀ bo ẹnu ọ̀nà wa, àmọ́ ara le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi jókòó sí kí ẹ tó ka èyí tó kù.

Ẹ mọ̀ pé látìgbà tí àrùn ẹ̀gbà ti kọlu Bàbá, ọ̀rọ̀ kan ò jáde lẹ́nu wọn. Ẹ sì mọ ohun tí Tatsuro àbúrò wa ń sọ: "Èèyàn tí ò mọ ọmọ ẹ̀ mọ́, kí la fẹ́ máa wò nílé?" Ọjọ́ Ajé ló fẹ́ wá gbé wọn lọ sílé àwọn arúgbó ní Sendai. Mo ti di ẹrù wọn, mo ti sunkún tán.

Lánàá, mo gbé Bàbá sínú ọpọ́n ìwẹ̀, Kotoha ọmọ mi náà wọ̀ ọ́. Òǹkà ló ń kọ́ báyìí. Mo lẹ ike tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ mọ́ ògiri balùwẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jáde nínú omi gbígbóná láìkà á dé mẹ́wàá, bí Bàbá ṣe máa ń ṣe fún wa gan-an. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń pariwo "Èjìká!" mọ́ Tatsuro, torí òun nìkan ni kì í jẹ́ kí omi bo èjìká òun. Kotoha fìka tọ́ nọ́ńbà, ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta: "Ichi, ni, san..." Nígbà tó dé mẹ́fà, omi ti ń ta á lára. Alárékérekè ọmọ! Ó fò sórí mẹ́wàá, ó sì dìde.

Ni ohùn kan bá ní, "Shichi."

Méje nìyẹn o! Mo wẹ̀yìn, mo rò pé ọkọ mi ló dé. Kò sẹ́nì kankan. Ohùn náà tún ka mẹ́jọ. Yéè! Bàbá ni! Ẹnu wọn wọ́, ohùn wọn há, síbẹ̀ wọ́n kà á dé mẹ́wàá. Abọ́ tí mo fi ń bomi sí wọn lẹ́yìn já bọ́ lọ́wọ́ mi. Kotoha ní, "Màmá, Bàbá àgbà mà mọ̀ ọ́n kà jù mí lọ!"

Mo sáré pe Tatsuro. Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, odídẹrẹ́ náà máa ń ka òǹkà." Ó dùn mí wọnú eegun. Mo ní kó wá fojú ara ẹ̀ rí i.

Ó dé lónìí, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ tòun ti ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Kotoha àti Bàbá ti wà nínú omi. Kotoha kà á dé mẹ́wàá, kò fo ẹyọ kan. Bàbá ò sọ nǹkan kan. Tatsuro mirí, ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ rí i." Ó ti ń yíjú padà nígbà tí Bàbá gbójú sókè wò ó.

Wọ́n ní, "Tatsuro. Èjìká."

Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀ nínú omi tó dà sílẹ̀, tẹ̀wù tẹ̀wù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ń kà á bí ọmọdé: ichi, ni, san.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ẹ tètè máa bọ̀. Mo ti ń tú ẹrù Bàbá.

Èmi àbúrò yín,
Masae.