Ìwé Tí Mo Fi Áyọ́ọ̀nù Lọ̀

Ubaydullah ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ẹ níbẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, àti fún gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣe ìwé fún ọmọ tí kò ríran. Ọkọ̀ ò ní gbé ẹ kọjá ibi tó ò ń lọ o. Ara wa le, ewúrẹ́ ti bímọ, inú mi sì ń dùn.

Ìwé tó o fi rán Bọ́lájí sí Mariyah àbúrò rẹ dé. O ṣáà mọ̀ pé ọ̀gá ilé-ìwé ti ní bí kò bá lè ka nǹkan kan lójú gbogbo ọmọ lọ́jọ́ Ajé, kí n máa mú un lọ sílé. Mo ṣí ìwé, háà! Mo ṣe bí ẹ máa kọ lẹ́tà ńláńlá ni, àfi bébà funfun báláú tó sú bí ara ọmọ tí ooru mú. Mo ní òjò ti pa á ní ibùdókọ̀ CMS. Ni mo bá dáná èédú, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí ó fi jọ̀lọ̀. Mariyah fọwọ́ kàn án, ó figbe ta, ó ní mo ti pa gbogbo ọ̀rọ̀ òun rẹ́! Àṣé àwọn kókó tí ẹni tí kò ríran ń fi ìka kà nìyẹn, irú àmì tó o fi ẹ̀wà tò fún un nígbà Iléyá, tí mo rò pé ayò lẹ ń ta. Ojú ìwé kan péré ni iná kò tíì kàn. Ó dì í mọ́ra, ó ń sunkún, mo bá a sun ún.

Obìnrin tó ń ka ẹ̀kọ́ nínú fóònù tó o fi ránṣẹ́ ló tù ú nínú. Mo kí i títí, kò dáhùn, ṣùgbọ́n n ò bínú, iṣẹ́ ló gbà á lọ́kàn.

Ọjọ́ Ajé, Mariyah tẹ́ ojú ìwé yẹn sílẹ̀, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń ka ìtàn odò àti apẹja sókè ketekete! Ọ̀gá ní bóyá ó ti há a sórí ni, wọ́n bá rọra yí ìwé náà dorí kodò. Mariyah ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá a padà, apẹja ò lè dorí kodò. Ariwo ta! Ọ̀gá fúnra wọn pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kò lọ ibì kankan mọ́. N ò mọ ìgbà tí gèlè bọ́ lórí mi.

Jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún ìwé ṣe, kó o sì fowó òrí ránṣẹ́, kí n máa fi pa ìka rẹ̀. Ó ní ìka òun ti dojú, òun ò fọ ìkòkò mọ́, ta ló ń fi ojú fọ ìkòkò? Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́ báyìí, orin ni mo sì ń kọ sí i.

Ọlọ́run tó la ojú mẹ́wàá fún àbúrò rẹ á la ọ̀nà fún ẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàlímọ̀