Agboòrùn Orí Sàréè Yín

Bàbá mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé oúnjẹ lẹ máa ń kọ́kọ́ bèèrè kí ẹ tó bèèrè àlàáfíà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mo ti jẹun. Iyán ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ti ẹran inú ọbẹ̀ náà, ẹ ó gbọ́ ọ níwájú. Ọmọ ti mu ọmú, ó ti sùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ. Mo ti bímọ, Bàbá. Obìnrin ni, imú yín ló sì gbé wá sáyé, a ò lè bá a dù ú.

Kí n tó gbàgbé, a kì í ṣe ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ́. Ìjọba ti yọ wá kúrò lára wọn, wọ́n ní Ọ̀ṣun ni wá báyìí. Ọ̀yọ́ la sin yín sí, Ọ̀ṣun lẹ wà lónìí, ẹ ò sì gbẹ́sẹ̀ kúrò ní Ìkirè. Màámi ní kí n má sọ fún yín, pé ẹ ó wá ẹni tí ẹ máa bá jiyàn lórí rẹ̀.

Ìròyìn tó wà níbẹ̀ gan-an ni ti ìjì. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí kò wá pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní ọ̀sán gangan ni, oòrùn ṣì ń ràn, nígbà tí ojú ọ̀run apá Gbọ̀ngán ṣú dẹ̀dẹ̀. Kí àwọn tó sá ẹ̀gẹ́ tó palẹ̀ mọ́, ìjì ti dé. Ó tẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú oko sílẹ̀ bí ẹní. Ó ṣí òrùlé ilé Alhaja Ṣìfáwù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó kọjá sí tiwa, ó sì tú páànù orí pálọ̀ yín bí ẹni tú ewé mọ́ínmọ́ín. Sùtánà funfun tí Màámi fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fò kúrò lórí okùn, ó lọ há sórí igi ìṣin, àwọn ọmọdé sì ń pariwo pé áńgẹ́lì ti bà sí àdúgbò. A dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó kú. Bàbá Ràṣídì, ọkọ Alhaja, nìkan ló fẹsẹ̀ rọ́, òun náà sì ní kì í ṣe ìjì, àpótí ìjókòó ni òun fẹsẹ̀ kọ níbi tí òun ti ń sá.

Ṣé ẹ gbọ́ ariwo rẹ̀ níbi tí ẹ wà? Ṣé ẹ tilẹ̀ mọ̀ pé òrùlé ti kúrò lórí yín?

Ìbàdàn ni mo wà, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, nígbà tí awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Ìkirè yà wá sọ fún mi. Oyún mi ti tóbi nígbà náà, ọkọ mi ò sì fẹ́ kí n lọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Mo wọ mọ́tò. Nígbà tí mo dé ilé, mo bá Màámi ní pálọ̀, ojú ọ̀run gbayawu lókè orí wọn, òjò ń rọ̀ wẹẹrẹ. Wọ́n jókòó sórí àpótí, aṣọ ọrùn wọn tutù rinrin, wọ́n sì na agboòrùn síwájú. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń ṣe mí. Sàréè yín ni wọ́n na agboòrùn sí, Bàbá.

Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi bò yín nípọn, òjò kankan ò lè wọ ọ́. Mo ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ yàrá ẹ̀yìn, òrùlé ibẹ̀ ò lọ.” Wọn ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní, “Kí n wá fi bàbá ẹ nìkan sílẹ̀ sínú òjò?”

Ẹ̀yin náà lẹ fà á. Ìyá yín ò bí ẹlòmíràn lé yín, inú ilé tó dákẹ́ lẹ ti dàgbà, ẹ sì kórìíra kí ẹ dá jẹun ju kí ebi pa yín lọ. Tí Màámi bá ti gbé oúnjẹ sílẹ̀, ẹ ó jáde sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó máa pe ẹni tó ń kọjá: “Ẹ wá bá wa jẹun o!” Gbogbo ayé ló ń pe ènìyàn bẹ́ẹ̀, ẹni tí a pè á ní kó gba ibi ire, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ti yín kì í ṣe ìkíni. Ẹ ó di apá ẹni náà mú. Mo rántí awakọ̀ kan tó wá bèèrè ọ̀nà Orílẹ̀-Òwu, tí ẹ fà jókòó, tó jẹ ẹran tí mo fi pamọ́ fún ara mi, tó sì jókòó títí ó fi gbàgbé ibi tó ń lọ. Mo sunkún ẹran yẹn. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹran á tún wá.

Nígbà tí ẹ wá kú tán, tí wọ́n sin yín sí pálọ̀ lábẹ́ fèrèsé, Màámi ní ẹ̀yin tí ẹ ò lè dá jẹun láyé, ẹ ò ní dá wà lọ́run nígbà tí àwọn ṣì wà láàyè. Alaalẹ́ ni wọ́n ń gbé àwo wọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Wọn ò sùn níta rí, ìbáà ṣe Àpòmù níbẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo wá lóyún, oyún tí ẹ gbàdúrà lé títí ẹ fi lọ, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá mi wẹ ọmọ ní Ìbàdàn. Ẹ mọ̀ pé ìyá ọkọ mi ti ṣaláìsí, èmi ò sì mọ bí a ti ń gbé ọmọ tuntun lé ẹsẹ̀ wẹ̀. Màámi ní ta ló máa bá bàbá mi jẹun? Mo jowú yín, Bàbá. Kò yẹ kí ènìyàn máa jowú òkú, ṣùgbọ́n mo jowú yín gan-an.

Òjò yẹn ló ṣì ń rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá Ràṣídì tiro wọlé. Ó gbé tapólì tó fi ń bo kòkó lérí, Bọ̀dá Láyí káfíńtà sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú okùn. Ilé tiwọn náà ò ní òrùlé o. Alhaja dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pàṣẹ: “Bàbá la máa kọ́kọ́ bò, kí ẹ̀gbọ́n mi lè gbé agboòrùn yìí kalẹ̀. Apá á ti máa ro wọ́n!” Bí wọ́n ṣe na tapólì sókè pálọ̀ nìyẹn, láti ògiri dé ògiri. Màámi wá pa agboòrùn dé. Wọ́n ń fi ìdí ìró wọn nu orí sìmẹ́ńtì.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé pálọ̀ yín nìkan ló wá gbẹ ní gbogbo ọwọ́ iwájú àdúgbò. Ibo ni àwọn ènìyàn fẹ́ lọ? Alhaja gbé ẹní wá. Ìyàwó Bọ̀dá Láyí gbé àwọn ọmọ wá. Ìkòkò kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé kaná, ẹ̀gbẹ́ yín ni wọ́n sì ti ń bu oúnjẹ. Tí àsìkò ìrun bá tó, Alhaja á ká ẹní wọn lọ sí ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n á ní kì í ṣe Bàbá ni àwọn fẹ́ kọjú sí. Màámi á rẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín Màámi ṣe ń dún, àṣé ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gbogbo èyí tó gbó lára ohun tí ìjì wó ní oko Bàbá Ràṣídì ni wọ́n fi ọmọlanke kó wálé, wọ́n tò ó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ mọ oore tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ṣe ènìyàn: kò pọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ pọ́n. Wọ́n jẹ ẹ́ títí, ó ṣẹ́kù, ó wá ń rọ̀, eṣinṣin dé. Bàbá Ràṣídì fẹ́ kó o dànù. Màámi ní kí ló dé, ṣé ó gbàgbé ìlú tó wà ni? Èyí tó pọ́n kọjá ààlà ni dòdò Ìkirè ń fẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n gbé odó wá. Bàbá, láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ ni Màámi ò ti din dòdò, ẹ̀yin lẹ sì mọ bí ọwọ́ wọn ti dùn tó nídìí rẹ̀. Wọ́n gún un mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n ń ṣù ú, wọ́n ń dà á sínú epo pupa, àwọn obìnrin yòókù ń fi ewé dì í. Wọ́n gbé e lọ síbi tí mọ́tò Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ti ń dúró. Kò dé ilé padà. Owó dòdò yẹn wà nínú ìṣó àti páànù tó bo gbogbo wọn lórí báyìí.

Kì í sì í ṣe gbogbo páànù ni wọ́n rà. Bọ̀dá Láyí àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ inú igbó lọ, wọ́n ń ṣa èyí tí ìjì gbé lọ. Ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀, nítorí gbogbo páànù tó dógùn-ún ló jọra. Tiyín nìkan ni kò ní ìjà nínú. Ẹ rántí ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí ẹ fi ń kun òrùlé, tó tán nígbà tí ẹ kun páànù mélòó kan, tí ẹ sì ní ó ti tó bẹ́ẹ̀? Màámi fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ọ̀kan nínú páànù ọlọ́dà yẹn, Àpòmù ni wọ́n ti rí i. Ọkùnrin kan tó ti bá yín jẹun rí lẹ́nu ọ̀nà wa ló dá a mọ̀, ó so ó mọ́ kẹ̀kẹ́, ó gbé e wá. Gbogbo ilé ní ẹ ti lọ ná ọjà Àpòmù, ẹ wá padà dé. Òun náà ò lọ láìjẹun.

Nígbà tí wọ́n kan òrùlé tán, mo tún lọ sí Ìkirè. Ó kù díẹ̀ kí n bí. Àwọn ará ilé ń di ẹrù, olúkúlùkù fẹ́ padà sí ilé tirẹ̀, Màámi sì ń wò wọ́n bí ẹni tí ọjà tú mọ́ lórí. Mo tún bẹ̀bẹ̀. Wọ́n tún ní rárá, wọ́n ní àwọn tó ń bá wọn ṣọ́ yín ti ń lọ. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Alhaja ló sọ ẹrù wọn kalẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà tí ìjì ti jà, ṣé Bàbá ti dá jẹun rí?”

Màámi ní rárá.

“Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ń bá wọn jẹun?”

Màámi yíjú sí ẹní Alhaja tí wọ́n ti ká.

“Ilé la fẹ́ lọ sùn sí, a ò sọ pé a ò ní wá jẹun. Tí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, ibí la máa gbé oúnjẹ wa wá. Ẹ lọ wẹ ọmọ yín, ẹ jọ̀ọ́.”

Bàbá Ràṣídì ní, “Wàláhì, mo ti ń bá wọn jẹun nígbà tí wọ́n wà láyé. Kí ni mo fẹ́ torí ẹ̀ dáwọ́ dúró?”

Màámi mú ìgbálẹ̀, wọ́n ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́. Mo padà sí Ìbàdàn láìmọ èyí tí wọ́n máa ṣe. Mo bí ọmọ, mo gbé e délé láti ọsibítù, mo sì jókòó tì í, ẹ̀rù omi gbígbóná ń bà mí, ẹ̀rù ọrùn rẹ̀ ń bà mí. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn Màámi níta, wọ́n ń bá ẹni tó bá wọn gbé ẹrù jà pé ó gbé òrí kọjú sóòrùn. Wọ́n gbé kànìnkànìn dání, wọ́n gbé ọṣẹ dúdú, àti dòdò tí Alhaja fi ránṣẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo wá di ọmọdé. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi ní, “Nígbà tí mo ń bọ̀, wọ́n ti gbé ẹ̀bà sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá ẹ.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè omi gbígbóná.

Ilésanmí ni wọ́n sọ ọmọ náà. Ó wù mí kí ẹ rí i bí Màámi ṣe ń jù ú sókè tí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́ tán. Ọkọ mi kì í lè wò ó, ó máa ń jáde síta. Ṣé ẹ̀yin náà máa ń jáde nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ mí? Mi ò bi yín rí, ó dùn mí pé mi ò bi yín.

Ní ìrọ̀lẹ́ òní, mo gbé iyán tí mo sọ yẹn sílẹ̀. Màámi wò ó, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà. Mo ní ọkàn wọn ti padà sí Ìkirè nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n dìde, wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ké sí obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ẹni tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ kì í sọ ju ẹ káàárọ̀, ẹ kúùrọ̀lẹ́ lọ láti ìgbà tí a ti dé ilé yìí.

“Ẹ wá bá wa jẹun o!”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó gba ibi ire. Màámi di apá rẹ̀ mú.

Ó wọlé, Bàbá. Ó fọwọ́, ó jókòó, ó sì jẹ ẹran tí mo fi pamọ́ fún ara mi.

Èmi ni, ọmọ yín tó ṣì ń retí ẹran tí ẹ ní á tún wá, tí ó sì nífẹ̀ẹ́ yín títí ayé.