Àtàǹpàkò Ìyá Rẹ

Àkọ́bí mi, adé orí mi,

Mo kí ọ, mo kí aya rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Kí ilẹ̀kùn tí ẹ bá kàn máa ṣí fún yín, kí ẹnu tó ń kí yín lójú má ṣe yí padà lẹ́yìn yín. Ara mi le koko, àfi àtàǹpàkò mi, òun gan-an ló sì mú mi jókòó kọ̀wé yìí.

Ìròyìn ayọ̀ ni kí n kọ́kọ́ fún ọ. Ọ́fíìsì omi wa, níbi tí mo ti ń gbálẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́, ti lajú. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, olú iléeṣẹ́ rán olùkọ́ kan sí wa, ọ̀mọ̀wé gidi, tó fi odidi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ àwọn àgbàlagbà bí àgbàlagbà ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní iléeṣẹ́ tí kò bá kọ́ nǹkan tuntun yóò kú. Gbogbo wọn mirí, àwọn kan tilẹ̀ mirí títí wọ́n fi sùn lọ, wọ́n sì fún gbogbo wọn ní ìwé ẹ̀rí. Èmi kò gba tèmi, nítorí èmi ni mo ń to àga.

Lẹ́yìn náà ni ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan kọ́ sára ògiri ẹnu ọ̀nà. Bí o bá dé láàárọ̀, wàá tẹ àtàǹpàkò rẹ sí i, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé o wá sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ mi, mi ò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó já fáfá bí àwọn èèyàn wa rí! Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n dunjú. Akọ̀wé àgbà á tẹ̀ka, á gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, á padà wá tẹ̀ka nírọ̀lẹ́. Akápò á tẹ̀ka, á padà lọ sùn nílé. Ọ̀gá yin ẹ̀rọ náà gidigidi, ó ní láti ìgbà tó ti dé, ẹnikẹ́ni kò pa iṣẹ́ jẹ mọ́.

Èmi nìkan ni ẹ̀rọ náà kọ̀. Mo rò pé bóyá mi ò kí i dáadáa ni, nítorí mo gbọ́ pé olú iléeṣẹ́ gan-an ni ó ń jábọ̀ fún. Mo wá ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, mo ń fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀, mo ń pè é ní Ọ̀gá Ògiri, síbẹ̀ ó ń ké mọ́ mi. Nígbà tí olùkọ́ yẹn padà wá wo ẹ̀rọ náà, ó wo ọwọ́ mi, ó ní ọṣẹ ti fọ ilà àtàǹpàkò mi dànù. Mo ní ọṣẹ ọ́fíìsì yìí náà ni, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ní ìtàn náà dùn mọ́ òun, òun yóò sọ ọ́ níbi tí òun tún ti fẹ́ lọ kọ́ni.

Lánàá ni ọ̀gá, ọmọlúàbí èèyàn, pè mí. Ó ní ẹ̀rọ sọ pé oṣù mẹ́ta ni mi ò ti wá síṣẹ́, wọn yóò yọ orúkọ mi bí oṣù yìí bá parí. Mo rán an létí pé èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un láàárọ̀ náà. Ó ní òun mọ̀, òun sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí n lọ tẹ̀ka kí n fi jẹ́rìí pé mo wá. Ó tún bẹ̀ mí pé kí n má tíì lọ, kí n kọ́kọ́ kọ́ ẹni tí yóò gba ipò mi níṣẹ́, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú wọn tó mọ ibi tí omi ti ń jò.

Nítorí náà, ọkọ mi, wá. Gbogbo ayé ló ní o fojú jọ mí, o fẹsẹ̀ jọ mí. Ìka rẹ kò ní ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Wá bá mi tẹ̀ ẹ́ kí oṣù tó parí. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, kí n fi ra ìpara tó dára, bóyá ilà náà á tún hù.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ibi tí o ti lo ọjọ́ orí rẹ sọ ọ́ di àlejò. Tọ́jú ara rẹ. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, títí o ó fi dé, má fi àtàǹpàkò yẹn fọ abọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́.