Aago Ọwọ́ Mi Ń Gbọ̀n Bí Ọkọ Mi Bá Ń Sọ̀rọ̀

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá wa o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, ẹ má dárúkọ mi.

Aránṣọ ni mí. Ọkàn mi kì í fìdí kalẹ̀: mà á rán apá aṣọ kan, mà á fò sórí òmíràn, omi tí mo gbé kaná á gbẹ. "Oníwàdùwàdù" ni wọ́n ń pè mí nílé wa. Dókítà ló wá sọ pé ADHD ni, pé bí ọpọlọ mi ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó fún mi ní aago ọwọ́ kan tó máa ń gbọ̀n bí ọkàn mi bá ti ṣí kúrò lórí ohun tí mò ń ṣe.

Ó ń ràn mí lọ́wọ́ nídìí máṣìnì gan-an. Ilé ni wàhálà wà. Bí ọkọ mi bá ń sọ̀rọ̀ tí aago gbọ̀n, wọn á ní, "Ọ̀rọ̀ mi ti tún sú ọ nìyẹn." Bẹ́ẹ̀, bí ọkàn mi tilẹ̀ ṣí díẹ̀, mò ń gbọ́ wọn!

Lánàá, wọ́n jókòó tì mí. "Ìyàwó mi, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́." Aago gbọ̀n. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Jẹ́ kó máa lọ," wọ́n bá dìde. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò sọ ọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n máa bọ́ aago yìí tí mo bá délé ni? Mo mọ̀ pé ọkọ mi máa ń gbọ́ ètò orí rédíò yìí. Olówó orí mi, ẹ dákun, kí ló ṣẹlẹ̀?