Màmá Tó Kọ̀ Kí Èlẹ́kítírọ́ọ̀nù Kan Di Méjì

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá ọdún 2022, Màmá Tiominar boru Panggabean (boru ni pé ọmọbìnrin ìdílé náà ni wọ́n) ń ṣe àyẹ̀wò àdàkọ ìwé ìdánwò mọ́kànlá ní ilé ìwòsàn kan ní Medan, ní orílẹ̀-èdè Indonesia. A fa omi sí Màmá ní ọwọ́ òsì. Bírò pupa wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Bí ó bá di ọjọ́ Ẹtì, ìgbìmọ̀ yunifásítì yóò lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá tó kọ ìwé náà.

Tarutung ni a ti bí Màmá, ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ọdún 1956, sí ìdílé Olùkọ́ Elias Panggabean àti Rouli boru Sihombing. Inú lẹ́tà ni Màmá ti kọ́ ìṣirò gíga: wọ́n ń kọ́ni ní Balige, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ tiwọn ránṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Wọn kò pẹ́ rí. Wọ́n gba oyè físíìsì ní 1982, wọ́n sì fẹ́ olóògbé Bonar Nababan ní 1983. Ogún ọdún ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ. Ìpàdé wọn kì í kọjá wákàtí kan.

Láti 1986 títí di 2021, Màmá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà ní físíìsì kúáńtọ́mù, pẹ̀lú ìṣirò tó gbé e ró. Òfin tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ni pé bí a bá ro gbogbo ìṣeéṣe ibi tí èlẹ́kítírọ́ọ̀nù lè wà pọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni àpapọ̀ rẹ̀. Bí Màmá ti fẹ̀yìn tì báyìí, àwọn ọ̀gá yọ ẹ̀kọ́ ìṣirò náà kúrò, wọ́n ní ó ń fi àkókò ṣòfò. A kò ní bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: ìwà ìtìjú ni.

Kò ju ọdún kan lọ tí èso rẹ̀ fi yọ. Ìdánwò béèrè ìṣeéṣe pé èlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan wà ní apá òsì àpótí. Ìdajì ni. Ẹni tó ṣe ìwé ìdáhùn gbàgbé láti pín iṣẹ́ rẹ̀ kí àpapọ̀ lè di ọ̀kan. Méjì ni àpapọ̀ tirẹ̀. Ìdajì méjì sì jẹ́ ọ̀kan, ó wá kọ ọ́ pé ó dájú pé apá òsì ló wà. Àwọn mọ́kànlá tó gbà á ni a fún ní òdo tí a fẹ́ torí rẹ̀ lé wọn! Àwọn tó ṣì í ló yege.

Olórí ẹ̀ka, Ọ̀gbẹ́ni Parlindungan, wá kí Màmá.

“Ẹ sinmi, Mà. Ìwé ìdáhùn ti gba òǹtẹ̀.”

“Òǹtẹ̀ kì í ṣe ìṣirò, Parlin. Ó dájú pé ó wà lósì, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Ó yá, ṣe ti ọ̀tún fún mi.”

Ó ṣe é.

“Ó… ó dájú pé ó wà níbẹ̀ náà, Mà.”

“Ẹyọ kan lẹ fi sínú àpótí. Ta ló bí èkejì?”

Parlin buwọ́ lu àtúnṣe ìwé ìdáhùn náà lórí ìdúró. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, ẹ̀kọ́ ìṣirò kò sì tíì padà. Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ jókòó síbi ìsìnkú yìí, ẹ̀yin là ń bá wí.

Màmá fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, Rotua, Jansen àti Debora, àti ọmọ-ọmọ méje.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Rotua wọlé, ó ní ìgbìmọ̀ kò lé ẹnì kankan. Màmá na bírò sí i. “Dé e, kó má baà gbẹ.” Màmá yíjú sí ògiri, wọ́n sì jáde láyé.

Oorun ire, Ìyá wa. Kí ilẹ̀ fúyẹ́ lára yín.