Mọ́tò Dísù Tí Kò Dá Mi Lóhùn

Ọkùnrin tí ó jókòó níwájú mi nínú ìsọ̀ mi ní Ìkìrun ni ó ni ọ̀rọ̀ yìí. Èmi akọ̀wé kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Àgbẹ̀ ni láti Òkukù, kò ka ìwé. Ó ní kí n má kọ orúkọ òun, nítorí pé ẹni tí òun ń kọ̀wé sí mọ òun. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ni. Ó fẹ́ kí a ka lẹ́tà náà lójú oórì bàbá yìí, kí gbogbo ẹbí gbọ́ ẹni tí mọ́tò bàbá wọn yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ ìdí rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó rọra máa sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò rọra rí láyé òun.

Bàbá mi tí mo bínú sí, tí mo sì ń wá kiri,

Èmi àkọ́bí yín ni mò ń kí yín. Iṣu ọdún yìí ta dáadáa. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ odò tí ẹ ní kí n má gbin àgbàdo sí, mo gbin àgbàdo sí i, ó sì yọ ọmọ. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní òjò ló bá mi ṣe é. Ìyá mi ń kí yín. Ó ṣì ń pe mọ́tò yín ní orogún òun. Nígbà tí wọ́n gbé e dé láti Inísà nínú ọyẹ́ yìí, ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó wò ó lọ wò ó bọ̀, ó ní, “Orogún mi, o ti padà wálé? Ta ló kùn ọ́ ní àtíkè báyìí?”

Nítorí mọ́tò yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Mo rántí ọjọ́ tí ẹ rà á. Ọwọ́ oníkòkó kan ní Ìkìrun ni ẹ ti rà á, ó sì ti gbó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Pijó aláwọ̀ ewé, ẹ́ńjìnnì dísù, tó ń ké gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n bí ẹni ń gún iyán fún gbogbo ìlú. Àwọn ará Òkukù rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní àgbẹ̀ lọ sí Ìkìrun, ó lọ ra ẹ̀rọ ìlọta bọ̀. Ẹ dá wọn lóhùn pé ata àwọn tó ń pẹ̀gàn yín ni ẹ ó fi lọ̀.

Ẹ fẹ́ràn mọ́tò yẹn ju bó ṣe yẹ kí ènìyàn fẹ́ràn irin. Ẹ máa ń fi ẹsẹ̀ ṣòkòtò yín tó ti gbó sẹ́ dísù kí ẹ tó dà á sínú táǹkì, pé ìdọ̀tí kékeré ni ikú ẹ́ńjìnnì dísù. Ẹ máa ń fi ìka ra ọ́ìlì rẹ̀, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀ bí obìnrin tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Omi òjò ni ẹ máa ń gbè fún rẹdiétọ̀ rẹ̀, ẹ kì í fún un ní omi kànga, pé iyọ̀ wà nínú omi kànga. Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbe omi òjò fún mọ́tò, omi odò ni èmi ń mu lóko.

Ṣùgbọ́n ìjókòó iwájú ló dùn mí jù. Ràfíù, ọmọ tí ìyàwó yín ará Inísà bí fún yín, òun ló ń jókòó síbẹ̀. Láràárọ̀ ni ẹ máa ń gbé e lọ sí ilé ìwé ní Inísà. Kí ẹ tó mú kọ́kọ́rọ́, èmi ti dé oko, nítorí ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa jáde kí ìrì tó gbẹ. Bí ẹ bá wá bá mi lóko, mọ́tò ti gbóná, kì í ṣe ìjọ̀ngbọ̀n mọ́. Èmi á di iṣu sẹ́yìn, èmi àti iṣu á sì jọ wà lẹ́yìn délé. Ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò yẹn fi wà lọ́wọ́ yín, n kò sí nílé rí nígbà tí ẹ bá ń jí i láàárọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Ẹ kì í pè mí lórúkọ pẹ̀lú. “Ìwọ yìí” ni. “Ìwọ yìí, gbé e.” “Ìwọ yìí, tì í.” Ìyá mi nìkan ló ń fi oríkì pè mí. Nígbà tí ẹ ń lọ, ẹ ní kí ilẹ̀ jẹ́ tèmi, kí mọ́tò jẹ́ ti Ràfíù. Àwọn èèyàn ní èmi ni mo gba èyí tó pọ̀ jù. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ilẹ̀ ń fọn fèrè?

Ràfíù wá sọ mọ́tò yín di ọ̀ṣọ́. Ó kùn ún ní funfun. Ó gbé kárìà lé e lórí. Ó fi sípíríìnì tó le sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè ru ẹrù, ìdí rẹ̀ wá ga sókè bíi ti ewúrẹ́ tó fẹ́ fo ọgbà. Ó yọ ìjókòó yín tó ti ya, ó fi aláwọ̀ pupa sí i. Nígbà tí bẹntiróòlù wọ́n, tí àwọn olówó ń sùn sínú mọ́tò lórí ìlà nílé epo, Ràfíù máa ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá ni, mọ́tò ń ké gbọ̀n-gbọ̀n, òun ń juwọ́. Ó bá èmi náà lọ́nà lórí kẹ̀kẹ́ mi, ó juwọ́ sí èmi náà. Bàbá, owú tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n bá dà á sí táǹkì, yóò gbé mọ́tò dé Ìlọrin.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kò tún ṣe. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n akọ̀wé yìí ń bi mí léèrè, nítorí náà n ó ṣàlàyé. Bí ara mọ́tò dísù bá tutù láàárọ̀, a kì í sáré ṣí i. A ó kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì kí hítà inú ẹ́ńjìnnì lè gbóná, kí a tó yí i parí. Bí èèyàn bá yára, á kọ̀. Bí èèyàn bá pẹ́ jù, bátìrì á rẹ̀. Iná kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì tó yẹ kó máa sọ ìgbà tó tó fúnni, ṣùgbọ́n ó ti jó kí ẹ tó ra mọ́tò. Gílóòbù tí kò tó ọmọ èkùrọ́ ni. Ràfíù tún gbogbo mọ́tò ṣe, kò tún ìyẹn ṣe. Mo ní ahun ni.

Lẹ́yìn ìkórè, mo pe ẹbí jọ. Mo ní èmi ni dáwódù, wọn ò lè fò mí. Mo pariwo títí wọ́n fi gbà. Ràfíù kò jiyàn rárá, èyí sì tún bí mi nínú sí i. Ó gbé mọ́tò wá, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi bí a ṣe ń jí i hàn yín.”

Mo ní, “Ìwọ ni wàá wá kọ́ mi ní mọ́tò bàbá mi?”

Ó wọ ọkọ̀ èrò padà sí Inísà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ mú. Mo wẹ̀, mo wọ bùbá tuntun, mo jókòó sórí ìjókòó pupa yẹn. Mọ́tò bẹntiróòlù ni mo fi kọ́ mọ́tò wíwà. Èèyàn yí i, ó dáhùn. Mo yí ti yín. Ó wúkọ́. Mo dúró díẹ̀, mo tún yí i. Ó tu èéfín funfun, ó dákẹ́. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò wá. Ó ní, “Ọkọ rẹ kọ́ nìyẹn, orogún mi. Má dá a lóhùn.”

Àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé ní òdìkejì ló bá mi tì í dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà kí ó tó jí. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Kò pẹ́ tí mo fi gba oyè. Bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n á ju ṣọ́bìrì sílẹ̀: “Bàbá Ẹ-bá-mi-tì-í! Ṣé ká máa bọ̀?”

Mo gbé e tọ Múfú mẹkáníìkì lọ ní Ìkìrun. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó wo hítà, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é.

“Ẹ kì í dúró tó ni, Bàbá.”

“Mo dúró.”

“Ẹ dúró bíi báwo?”

“Bí èèyàn ṣe ń dúró.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ jẹ́ kí n fi gílóòbù tuntun sí iná yẹn, òun fúnra rẹ̀ á máa sọ fún yín.”

N kò gbà. Ọ̀rẹ́ Ràfíù ni Múfú. Lójú mi, wọ́n ti jọ sọ ọ́. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ kan wà tí mọ́tò yẹn mọ̀, tí ẹ sọ fún Ràfíù, tí ẹ kò sọ fún mi. Ẹ fún un ní ìwé, ẹ fún un ní iwájú, ẹ tún fún un ní ọ̀rọ̀.

Òótọ́ ni, Bàbá. Ọ̀rọ̀ wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ibà mú Ìyá mi. Ẹ má fòyà, ó ti gbádùn. Ọsibítù ní Ìkìrun ni mo fẹ́ gbé e lọ. Mo gbé e sẹ́yìn mọ́tò, mo yí kọ́kọ́rọ́ títí àtàǹpàkò mi fi bó, mọ́tò kọ̀. Àwọn bíríkìlà kò tíì dé ibi iṣẹ́. Ràfíù ló yọ láti ọ̀nà Inísà, ó wá kí Ìyá. Ó wo ojú mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́.”

Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí mo ṣe jókòó síbi tí ó máa ń jókòó sí nìyẹn nígbà tí ẹ bá ń wa mọ́tò.

Ó yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì. Ó gbé ọwọ́ lé sítíárì. Ó la ẹnu, ohùn yín ló jáde:

“Àlàó, àkọ́bí mi,
Àlàó a-tẹ-ìrì-má-wẹ̀yìn,
tí oko ti gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀ kí àkùkọ tó kọ.
Olórí kunkun ọmọ:
mo bá a wí, kò gbọ́. Mo fi í sílẹ̀, ó ṣe é tán.
Ẹni tí kò ka ìwé, tí ilẹ̀ ń ka orúkọ rẹ̀ sókè.
Iṣu rẹ̀ ni mo jẹ tí mo fi lókun,
ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi ra irin.
Irin tí Àlàó rà fún bàbá rẹ̀, ó yá, jí.”

Ó yí kọ́kọ́rọ́ parí. Ẹ̀ẹ̀kan ni mọ́tò dáhùn.

Ìyá mi tí ibà ń gbọ̀n lẹ́yìn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Èmi ṣáà mọ̀ pé ó máa ń bá irin yìí sọ nǹkan láàárọ̀. Mo rò pé irin ló ń kì ni.”

Mo bi Ràfíù pé, “Ta ló kọ́ ọ?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Iná ti jó, Bàbá ò sì ní aago. Bí wọ́n bá kì yín tán, hítà ti gbóná. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn.”

“Kí ló dé tí wọn ò fi kì mí lójú mi?”

“Mo bi wọ́n rí. Wọ́n ní a kì í yin ọmọ lójú ara rẹ̀.” Ó ń wo ọ̀nà, kò wò mí. “Bọ̀dá mi, ẹ̀ ń jowú ìjókòó. Èmi ni mo jókòó síbẹ̀ láràárọ̀ tí mò ń gbọ́ oríkì ẹlòmíràn. Mo retí tèmi títí mo fi jáde ilé ìwé. Wọn ò kì mí rí. Ẹ̀ẹ̀kan ni hítà ń gbóná láàárọ̀, oríkì tiyín ló sì tó o.”

Bí iná yẹn bá ń ṣiṣẹ́, kò ní sí ohun tí à ń kì mí fún mọ́: ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi fi gílóòbù síbẹ̀. Mo ti pè é ní ahun láàárín ẹbí.

Bàbá, ṣé ẹ rò pé ìyìn yóò bà mí jẹ́ ni? Èmi tí ìbáwí kò rí ṣe? Kí ló ná yín láti dá mi dúró láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ìrì gbẹ, kí oko dúró? Àbí ẹ rò pé ilẹ̀ á sọ fún mi? Ilẹ̀ kò sọ fún mi. Mo ṣì ń jowú. Kì í ṣe ìjókòó mọ́. Etí Ràfíù ni mò ń jowú. Ó gbọ́ ọ títí ó fi sú u. Èmi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í ṣe lẹ́nu yín.

Mo gbìyànjú rẹ̀ fúnra mi. Mo yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì, mo ní, “Àlàó, àkọ́bí mi,” ojú tì mí. Ta ló ń ki ara rẹ̀ nínú mọ́tò tí wọn ò ní pè é ní wèrè? Mo ní kí n ki ẹ̀yin. Oríkì tiyín gùn ju hítà lọ. Bátìrì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kí n tó dé ọ̀dọ̀ bàbá yín. Mo gbọ́ ohùn láti òdìkejì: “Ṣé ká máa bọ̀?”

Nítorí náà, kí ẹbí gbọ́. Mo dá mọ́tò padà fún Ràfíù. Kì í ṣe pé mo jẹ̀bi. Dáwódù ni mí, ohun tí mo sọ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n kí ó máa gbé e wá sùn ní Òkukù ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, kí ara rẹ̀ tutù dáadáa. Láàárọ̀ Sátidé, èmi ni n ó jókòó síwájú, òun ni yóò jí i, a ó sì jọ lọ sí oko. Kò gbọdọ̀ fo ọ̀rọ̀ kankan. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá sì wà láàyè, kí ẹnikẹ́ni má fi gílóòbù sí iná yẹn.

Bí a bá ṣiṣẹ́ tán lóko, mọ́tò á ti tún tutù. Èmi ni n ó yí kọ́kọ́rọ́ láti padà bọ̀ wálé, Ràfíù ni n ó sì kì. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ láti ọjọ́ yẹn. Ó dùn. Kò ní gùn tó tèmi.

Ẹ sùn re. Èmi ni ọmọ yín tí ẹ kì láìjẹ́ kí ó gbọ́, tó ti wá gbọ́,

Àlàó.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ orúkọ yẹn síbẹ̀. Mo kà á fún un padà láti òkè délẹ̀, ó ní kí n tún ka ibi oríkì, mo sì tún un kà.

Àmì ọwọ́ rẹ̀: X

Ẹlẹ́rìí: Ràfíù, àbúrò rẹ̀, tíṣà ní Inísà.
Ẹlẹ́rìí: Múfú, mẹkáníìkì ní Ìkìrun.